Apá Irin Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ìyàwó Ọ̀gá

Kí ọ̀sẹ̀ ìṣíde ẹ̀rọ náà tó dé ìdajì, Monica Ọmọ́lẹ́yẹ ti pòṣé títí ètè ń ro ó. Òun ni ẹnjiníà tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní sítọ́ọ̀ kòkó ńlá kan lójú ọ̀nà Ìyẹ́rẹ́. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, láti ìdílé Kátólíìkì tí bàbá ti ṣe tíṣà, tí ìyá ti ṣe nọ́ọ̀sì. Pọlí tó wà nílùú náà ló ti kọ́ṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó fipá mú un gba iṣẹ́ sítọ́ọ̀ yìí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù: kò rí ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù.

Ọdún 1987 ni. Ọdún tó ṣáájú ni ìjọba tú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ká, ni gbogbo ẹni tó bá ti rí òṣùwọ̀n gbé kalẹ̀ bá di oníkòkó. Kòkó tí oòrùn kò tíì pa dáadáa, tó ṣì ń rùn bí ọtí kíkan, wọ́n á rọ ọ́ sápò, wọ́n á dì í lẹ́nu, wọ́n á gbé e wá láti Ìjàgbà, láti Ùpènmẹ́n, láti inú oko tí kò lórúkọ. Bí irú àpò tútù bẹ́ẹ̀ kan bá sì wọ àárín àwọn tó gbẹ, kò ní pẹ́ tí gbogbo wọn á fi bu.

Nítorí èyí ni máníjà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adébánjọ, ṣe ra ẹ̀rọ kan láti òkè òkun. Bẹ́líìtì gígùn ni, ó fẹ̀ tó ẹní. Ẹnu ọ̀nà tí lọ́rì ń já ẹrù sí ni ìdí rẹ̀ wà, inú sítọ́ọ̀ lọ́hùn-ún ni orí rẹ̀ wà, apá irin kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní agbedeméjì. Bí ẹni tó ń yẹ kòkó wò bá rí àpò tútù, á tẹ bọ́tìnnì, apá náà á na ara rẹ̀ sọdá bẹ́líìtì, á sì ti àpò náà sórí irin dídán kan tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sí àgbàlá tí wọ́n ti ń sá kòkó. Èyí tó bá gbẹ á máa bá tirẹ̀ lọ tààrà. Ohun tó dára ni. Monica fúnra rẹ̀ kò sọ pé kò dára.

Ṣùgbọ́n Adébánjọ kò fojú ẹ̀rọ wò ó. Ó fi aṣọ funfun nù ún láràárọ̀ bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì í, ó wọ gàù. Ẹni tó bá ní ariwo rẹ̀ ń dí òun létí, ọ̀gá á ní ìlara ló ń ṣe onítọ̀hún. Ìyẹn ni àwọn alágbàrù fi sọ apá irin náà ní Ìyàwó Ọ̀gá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí àwọn òyìnbó kọ sí i níkùn lọ.

Rùfáì ni olórí àwọn alágbàrù. Ará Ìwó ni, ọ̀dọ́mọkùnrin ló ti wá sí Ọ̀wọ̀, kò sì padà sílé mọ́. Ọrùn rẹ̀ ki bí ìdí ọ̀pẹ nítorí àpò tó ti rù. Láti ìgbà tí wọ́n ti já ẹ̀rọ náà kalẹ̀ ni ìbéèrè kan ṣoṣo ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí Ẹnjiníà, bí Ìyàwó Ọ̀gá bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣé ilé ti yá fún àwa nìyẹn?"

"N kò mọ̀, bàbá. Ẹ bi ọ̀gá."

"Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní kí n bi yín."

Monica lọ bi ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí ó má da ara rẹ̀ láàmú, pé bí àsìkò bá tó, wọn yóò sọ fún ẹni tó bá yẹ kí wọ́n sọ fún. Monica padà wá bá Rùfáì, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an.

"Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn, mà?"

"Bàbá Rùfáì, bí mo bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣé n kò ní sọ fún yín ni?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó ń dáhùn fún ẹ̀rọ, ó ń dáhùn fún ọ̀gá, ó ń dáhùn fún òyìnbó tí kò rí rí. Síbẹ̀ ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó to ẹ̀rọ náà pọ̀, ó so ó mọ́ iná ìjọba lọ́jọ́ kan tí iná wá, ó sì dán an wò. Bẹ́líìtì lọ síbi tó yẹ kó lọ, apá nà síbi tó yẹ kó nà. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ó sì sùn dáadáa.

Ó ṣì ń jẹ adùn ìyẹn lọ́wọ́ nígbà tí Adébánjọ dá ọjọ́ ìṣíde. Wọ́n á pe àwọn èèyàn ńlá láti Àkúrẹ́, wọ́n á pe àwọn baálẹ̀ abúlé tí kòkó ti ń wá, àlùfáà Áńgílíkà á gbàdúrà, ẹni àgbà kan á tẹ bọ́tìnnì. Nítorí pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná ìjọba yóò wà, ọ̀gá háyà jẹnẹrétọ̀ ńlá kan. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni jẹnẹrétọ̀ náà tó dé, lórí lọ́rì tí táyà rẹ̀ jò lọ́nà. Christopher lorúkọ ọkùnrin tó tẹ̀ lé e wá. Kí Monica tó jáde láti ọ́fíìsì, ó ti so wáyà tán, ó ń nu ọwọ́.

"Christopher, báwo lo ṣe so ó?"

"Bí mo ṣe máa ń so ó níbi gbogbo ni, mà. Òde ìyàwó, òde ìsìnkú, gbogbo ẹ̀ ni mo ń lọ."

"Gílóòbù àti ẹ̀rọ amúǹkantutù lò ń so ní òde ìyàwó. Gílóòbù kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn, iná á ṣáà tàn. Ẹ̀rọ yìí ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Bí wáyà méjì péré bá gba ipò ara wọn, ẹ̀yìn ló máa yí sí. A gbọ́dọ̀ tàn án wò ká tó ṣe ohunkóhun."

"Kò burú, mà. Ẹ sọ fún ọ̀gá kí n tan jẹnẹrétọ̀."

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Monica bá ọ̀gá ní ìdí bẹ́líìtì, níbi tó ti ń to àga àwọn àlejò. Àga ọ̀hún súnmọ́ bẹ́líìtì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó lè nawọ́ kan án. Ó ti ní kí wọ́n to àpò kòkó sórí bẹ́líìtì láti ìdí dé orí, kí ó lè kún lójú. Èyí tó wá burú jù ni pé ó ti fi aṣọ aláwọ̀ ewéko àti funfun bo àpótí súìṣì, ó sì fi píìnì gún un mọ́lẹ̀ yíká, ó ṣe é ní òdòdó. Bọ́tìnnì tí wọ́n ó fi tan ẹ̀rọ nìkan ló yọjú síta láàárín òdòdó náà. Èyí tí wọ́n fi ń pa á wà lábẹ́ aṣọ.

Monica kò tilẹ̀ mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Sà, ẹ jẹ́ ká tan ẹ̀rọ náà wò díẹ̀."

"Àlejò ti ń wọlé, Monica. Ṣé o fẹ́ kí eruku kòkó bo aṣọ wọn ni?"

"Kò ní pẹ́ ju kí èèyàn ki àdúrà oúnjẹ lọ, sà."

"Ṣé a kò dán an wò lọ́jọ́sí ni?"

"Iná ìjọba la fi dán an wò lọ́jọ́sí, sà. Jẹnẹrétọ̀ nìyí."

Adébánjọ rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí akọ̀wé rẹ̀ tó dúró nítòsí. "Ẹ gbọ́ mi. Ṣé iná yàtọ̀ sí iná ni?"

Monica wo ojú ọ̀run. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wáyà náà. Ó tún un ṣàlàyé. Ọ̀gá ń to òdòdó. Monica ní, ó dáa, kí wọ́n kó àpò kúrò lórí bẹ́líìtì nígbà náà, kí ó ṣófo bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní ta ló máa ń fi abọ́ òfìfo kí àlejò. Monica ní, ó kéré tán, kí wọ́n gbé àga sẹ́yìn.

"Kí wọ́n wá máa fi awò wò ó láti Èmurẹ̀?" ni Adébánjọ wí. Ó fọwọ́ gbá a léjìká bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Monica, o mọṣẹ́, ṣùgbọ́n o fẹ́ràn ìdààmú. Lọ wọ aṣọ tó dáa."

Aṣọ tó dáa ló wọ̀. Ìyẹn tún múnú bí i.

Àlùfáà gbàdúrà, ó pẹ́. Ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó pẹ́ ju àlùfáà lọ. Rùfáì àti àwọn ọmọ rẹ̀ tò sí ẹ̀gbẹ́ ìdí bẹ́líìtì pẹ̀lú fìlà tuntun tí ilé iṣẹ́ rà fún wọn, ojú wọn kọ́rẹ́ bí ojú ẹni tí wọ́n pè wá sí ibi ìsìnkú ara rẹ̀. Baálẹ̀ arúgbó kan láti apá Ìjàgbà ló jókòó sí àga tó súnmọ́ bẹ́líìtì jù, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Christopher tan jẹnẹrétọ̀. Wọ́n mú ìyá àgbà kan tó ti ń ra kòkó láti ayé òyìnbó dìde láti tẹ bọ́tìnnì. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́.

Bẹ́líìtì fò sẹ́yìn.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọn kò mọ̀. Wọ́n rí i pé àpò ń rìn, wọ́n sì rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n ní kí ó máa rìn bọ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Apá irin náà, tí òun pẹ̀lú ti yí sódì, na ara rẹ̀ síbi tí kì í nà sí, ó gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ọ̀gá fi sọ̀rọ̀ lójú, ìyẹn fò, ó ń han goooo. Ìgbà yẹn ni àtẹ́wọ́ dákẹ́. Àpò àkọ́kọ́ ti dé ìdí bẹ́líìtì, kò síbi tó máa lọ mọ́, ó dà sílẹ̀, gbì! Òmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ń tú ká, àga ń ṣubú, baálẹ̀ arúgbó náà kò sì lè tètè dìde. Àpò tó kàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já lé e lórí nígbà tí Rùfáì fi èjìká gbá àga rẹ̀ dànù tòun tẹni tó wà lórí rẹ̀. Baálẹ̀ yí gbiri bọ́ sórí koríko, ara rẹ̀ le. Àpò já lé Rùfáì lẹ́sẹ̀. Gbogbo èèyàn ló gbọ́ ìró egungun náà.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Monica ń fa aṣọ ya lórí àpótí súìṣì. Píìnì ń gún un lọ́wọ́. Ó mọ ibi tí bọ́tìnnì ìdádúró wà bó ṣe mọ imú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ wá a lábẹ́ òdòdó kò rí i. "Olúwa, òdòdó!" ni ó ń sọ, "Òdòdó!" Nígbà tó yá, ó fi eyín ya aṣọ náà, ó sì gbá bọ́tìnnì náà wọlé. Bẹ́líìtì dúró. Àpò kan dúró ní bèbè, ó ń mì, kò já.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu Adébánjọ jáde kò kan Rùfáì. "Monica!" ni ó ké níwájú gbogbo èèyàn, "kí lo ṣe sí ẹ̀rọ mi?"

Monica ní kí Christopher pa jẹnẹrétọ̀. Ó ṣí àpótí súìṣì, ó yọ àwọn fíúùsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn aláwọ̀ funfun tí kò sí irú wọn lọ́jà Ọ̀wọ̀, ó kó wọn sínú báàgì rẹ̀, ó sì fa sípù. Lẹ́yìn náà ló lọ bá wọn gbé Rùfáì sínú ọkọ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan aṣọ tó dáa náà, wọ́n kọrí sí ilé ìwòsàn.

Lábísí, ìyàwó Rùfáì, bá wọn níbẹ̀. Ó ti sáré, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ní ẹsẹ̀ náà yóò san, pé ó kàn máa pẹ́ ni, ó jókòó, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì kọjú sí Monica.

"Ẹ̀yin lẹ to ẹ̀rọ yẹn."

"Èmi ni, mà."

"Ẹ̀yin lẹ kàwé rẹ̀."

"Èmi ni."

"Ẹ wá ń wò ó títí ó fi ṣẹ́ ọkọ mi lẹ́sẹ̀?"

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló dé ọ̀fun Monica: wáyà, àga, òdòdó, awò Èmurẹ̀. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ta ni yóò ro irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn? Rùfáì ló gbẹnu sọ fún un láti orí ìrọ̀rí.

"Lábísí, fi wọ́n sílẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Gbogbo wa là ń gbọ́, etí ọ̀gá nìkan ni kò sí nílé."

Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, Adébánjọ bá gbogbo wọn nílé ìwòsàn. Kò tíì rí oorun sùn, ó hàn lójú rẹ̀. Ó kí Rùfáì, ó kí Lábísí, ó gbé ọsàn kalẹ̀, ó sì yíjú sí Monica kíákíá bí ẹni tó ti ṣe ojúṣe tán.

"Fíúùsì dà?"

"Ó wà nínú báàgì mi, sà."

"Lọ́rì ti tò dé ẹnu títì. Ojú ọ̀run ti ṣú. Bí òjò bá pa kòkó yẹn, ta ni yóò gbọ́ àlàyé? Kó wọn fún mi."

"Ẹ ra òmíràn, sà."

"Níbo? O mọ̀ pé ó di Èkó!"

"Mo mọ̀, sà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi kó wọn."

Adébánjọ mí kanlẹ̀. Ó ní òun lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Monica ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò tún wáyà náà so. Ọ̀gá ní ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti sú Monica kọjá ìbínú. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ìyẹn ló sì dẹ́rù ba ọ̀gá.

"Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀, sà. Kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ̀rọ yẹn mọ́ láìjẹ́ pé mo ti tàn án wò lófìfo. Kí ẹnikẹ́ni má fi aṣọ, tàbí òdòdó, tàbí àwòrán bo súìṣì. Kí ẹ sì sọ fún bàbá yìí lójú ara rẹ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti dé ló ti ń béèrè, ẹ ń rán an sí mi, mò ń rán an sí yín. Ó ti rẹ̀ mí."

Nọ́ọ̀sì kan tó ń ti bẹ́ẹ̀dì lọ dúró láti gbọ́.

Adébánjọ wo ẹsẹ̀ Rùfáì tí wọ́n ti fi nǹkan funfun dì, tí wọ́n sì gbé kọ́ sókè. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó jọ pé ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó yọ fìlà.

"Baálẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ó ní bí kì í bá ṣe tìrẹ, òkú òun ni wọn ì bá gbé lọ sílé. Iṣẹ́ rẹ wà, Rùfáì. Bí o bá ti lè tẹsẹ̀, máa bọ̀."

"Àwọn ọmọ mi ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá ń yí fìlà lọ́wọ́. "N kò lè gba gbogbo wọn."

Ó dára ó burú, èsì nìyẹn. Rùfáì mi orí. Ó jọ pé òtítọ́ náà dùn ún, ṣùgbọ́n ó tún jọ pé wọ́n sọ ẹrù kan kalẹ̀ fún un. Monica ṣí báàgì.

Nígbà tí wọ́n dé sítọ́ọ̀, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó àpò kúrò lórí bẹ́líìtì. Ó pe Christopher, òun pẹ̀lú rẹ̀ ṣí ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀, wọ́n yọ wáyà méjì, wọ́n fi ti ọ̀tún sí òsì, wọ́n fi ti òsì sí ọ̀tún. Kò pẹ́ tó kí omi hó. Monica dúró, ó wo sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ariwo yẹn, ẹsẹ̀ odidi ọkùnrin, àlùfáà, ìyá àgbà, àwọn èèyàn Àkúrẹ́: ohun tí ì bá gbà wọ́n kò ju èyí lọ. Ó jókòó sórí àpò kòkó kan, ó bú sẹ́rìn-ín tí kò dùn, Christopher sì ń wò ó tìfuratìfura.

"Ẹ má bínú, mà," ni Christopher wí.

Monica kó àwọn fíúùsì padà sáyè wọn. "Tan án," ni ó wí.

Bẹ́líìtì lọ síwájú. Apá irin náà na ara rẹ̀ síbi tó yẹ. Wọ́n wá kó àpò sí i, àwọn tútù ń já gẹ̀rẹ́ lọ sí àgbàlá, àwọn gbígbẹ ń wọlé. Wọ́n já gbogbo lọ́rì náà tán kí òjò tó rọ̀. Adébánjọ dúró lókèèrè, kò nù ún, kò fọwọ́ kàn án.

Nínú àwọn alágbàrù, àwọn kan lọ síbi tí wọ́n ti ń la igi lọ́nà Ùpènmẹ́n, àwọn kan padà sóko. Monica mọ orúkọ wọn, ó sì máa ń rí díẹ̀ nínú wọn lọ́jọ́ ọjà; wọ́n á kí i, kò sì mọ bí òun yóò ṣe kí wọn padà. Àwọn tó kù ń kó ẹrù sórí bẹ́líìtì. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Rùfáì padà, ó ń tiro, wọ́n fi í ṣe olórí àgbàlá ìsákòkó. Iṣẹ́ náà kò wuwo, ṣùgbọ́n Rùfáì kò jẹ́ kí Monica sinmi. Ó ní apá irin náà ń ju àpò jù. Ó ní ó rọra jù. Ó ní àpò tí ó tì sọ̀kalẹ̀ lánàá, òun fọwọ́ kan kòkó inú rẹ̀, ó gbẹ ju egungun lọ.

"Bàbá, ẹni tó ń yẹ kòkó wò ló ń tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ kì í tọ́ kòkó wò."

"Ẹ bá a sọ ọ́, Àǹtí."

"Mo bá ta ni sọ ọ́? Ẹ̀rọ?"

"Ẹ ṣáà bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín nísinsìnyí."

Monica pòṣé, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ pe ẹni tó ń yẹ kòkó wò kí ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ kan àpò náà. Ó gbẹ lóòótọ́.